Bí Mo Ṣe Fẹ́ Mú Bàbá Mi Lọ Wo Erin

Ọ̀sán ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé láyé mi, ọ̀sán tí mo na téèpù lé bàbá mi lára níbi tó sùn sí. Bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rín á pa mí, oníbàárà á sì bi mí pé ṣé aṣọ tí òun mú ni kò dára ni.

Ìdílé aperin ni wá. Nígbà tí ìyá bàbá mi wà láyé, kì í kí wa láàárọ̀ kó má pè wá ní ọmọ ọdẹ tó ń perin. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá bàbá mi ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Lomé, aṣọ là ń tà ní ọjà Adawlato, kò sì sẹ́nì kan nínú wa tó rí ìrù erin rí. Ọ̀rọ̀ náà ń ká Bàbá lára. Bí erin bá yọ nínú tẹlifíṣọ̀n, á dìde dúró bí ẹni pé àgbà ìdílé ló wọlé. Lọ́dún tó kọjá ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ojú ní òun ò lè ṣèlérí pé kò ní burú sí i. Ó dùn mí gan-an, mo sì pinnu pé Bàbá yóò fi ojú ara rẹ̀ rí erin kí ojú náà tó lọ tán.

Mo rí ilé iṣẹ́ kan tó ń mú èèyàn lọ sí igbó ẹranko ní Botswana, lápá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́hùn-ún, níbi tí erin ti ń rìn káàkiri bí ewúrẹ́ ṣe ń rìn ládùúgbò wa. Gbogbo ètò ló ń lọ déédéé. Àṣìṣe tèmi ni pé mi ò sọ fún Bàbá. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé a kì í kéde ìrìn àjò kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílé, nítorí ẹnu ayé, àti nítorí pé físà lè má jáde kójú wá tini. Bàbá mi sì rèé, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ fún un lẹ́yìn ìrun Alásárì, gbogbo Adawlato á ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó kírun Màgàríbà. Mo ní kí n kúkú pa á mọ́ fún un títí tí ọjọ́ yóò fi pé. Ọgbọ́n ni mo pè é nígbà náà.

Pasipọ́ọ̀tù tó fi lọ Mẹ́kà ṣì dára, mo rọra yọ ọ́ nínú àpótí rẹ̀. Fọ́tò tuntun ló kù tí wọn óò fi ṣe físà. Mo pe onífọ́tò wá sílé, a fi aṣọ funfun kọ́ ara ògiri, a ní kí Bàbá jókòó síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má rẹ́rìn-ín o."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ó kàn wù mí kí n ní fọ́tò yín lọ́wọ́ ni."

Bàbá wò mí, ó bojú wẹ̀yìn wo aṣọ funfun náà, ó wá kọjú sí onífọ́tò. Inú mi ń dùn pé mo mọ irọ́ pa.

Ó wá ku abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, torí wọn kì í jẹ́ kí ará ìhín wọ ibẹ̀ láìgbà á. Mo sọ fún Bàbá pé abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ibà ṣeni ni, irọ́ kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá fà mí sí kọ̀rọ̀ láti bi mí nípa ìrìn àjò náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rẹ ohùn sílẹ̀. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo àwa méjèèjì bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí a padà délé, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí dókítà ti sọ fún mi pé ó lè rí. Dókítà sọ fún èmi o, kò sọ fún Bàbá.

Aṣọ ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Obìnrin tó ń ṣètò ìrìn àjò náà ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé ká má wọ aṣọ tó ń tàn, ká má sì wọ búlúù nítorí eṣinṣin tó ń jẹni. Aṣọ aláwọ̀ eruku ni ká wọ̀. Ẹ wo èmi tí aṣọ mi ń pariwo láti Adawlato dé etí òkun! Mi ò ní ẹyọ kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Mo lọ ra aṣọ òwú tí wọn ò tíì pa láró lọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo fẹ́ fi rán ṣòkòtò àti bùbá fún Bàbá. Bàbá ti rù, téèlọ̀ sì ní òun ò lè fi ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́ rán an. Nígbà tí Bàbá kírun Àílà tán tó sùn sórí ẹní, mo gbé aṣọ náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo na téèpù láti èjìká rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

Bàbá lajú. Ó wo téèpù. Ó wo aṣọ.

"Ṣé ó tó?" Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ gan-an.

"Ó tó, Bàbá. Ẹ máa sùn."

Ó sì pa ojú dé. Ẹ bá mi wo orí mi!

Lọ́jọ́ kejì, Dada Ayélé, ìyá ọmọ ẹ̀yà Mínà tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, di ọwọ́ mi mú bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀. Ó ní, "Kúráàjì, ọmọ mi, mọ́kàn le." Òun àti Bàbá ò kíra mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jà nítorí ìbòji iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní Bàbá ti wá bá òun lówùúrọ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì bẹ òun pé kí òun máa bá a wo ọmọ rẹ̀, ìyẹn èmi. Kò tíì yé mi tí Àǹtí Alájà, àbúrò Bàbá, fi sáré dé láti Sanguéra lẹ́bàá ìlú lórí ọ̀kadà sẹ́míjàn. Gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́, ẹkún wà lójú. Ó wọ́ mi lọ sílé.

Ilé ti kún. Bàbá jókòó sórí ẹní, ó ń pín fìlà rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àǹtí Alájà kígbe mọ́ mi. "Kí ni dókítà sọ? Kí ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi tó o fi ra aṣọ òkú sílẹ̀ dè é?"

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ tó yé mi: fọ́tò, dókítà, aṣọ. Mo fi igbe dá a lóhùn.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n! Erin ni!"

"Erin kẹ̀? Bon, ó dáa, ọmọ yìí náà ti ya wèrè."

Mo kúnlẹ̀, mo tú gbogbo àṣírí sílẹ̀: igbó, físà, abẹ́rẹ́, ṣòkòtò. Bàbá tẹ ara síwájú.

"Erin gidi? Èyí tó wà láàyè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kí ẹ lè fojú yín rí i."

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ló bá nawọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà nítòsí. "Dá fìlà mi padà." Ó gba gbogbo wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sórí itan, ó wá kọjú sí mi. "Ẹ̀rù bà mí, ọmọ yìí. Mi ò sùn. O fẹ́ mú mi lọ wo erin, díẹ̀ ló kù kó o sin mí."

Ohun tí mo kọ́ ni pé ká máa pa ìrìn àjò mọ́ fún aráyé, ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ ń lọ kì í ṣe ara aráyé. Lónìí, físà ti jáde. Bàbá ti sọ fún gbogbo Lomé, títí dé orí àwọn ọlọ́pàá ojú títì, kò sì sí aburú kan tó ṣẹlẹ̀.

Lánàá, mo fi fídíò erin hàn án lórí fóònù. Ó gbé e sún mọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi kàn án, ó ní òun ò rí i dáadáa. Ọkàn mi bà jẹ́, mo fẹ́ gba fóònù náà. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Fọkàn balẹ̀. Ọlọ́run tó mọ̀ pé ojú mi yóò ṣú kò fi eèrà ṣe ẹran ìdílé mi. Erin ló fún wa. N óò rí i."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.