Ọ̀dọ́ Tó Ra Mẹ̀sí Lọ́dún Fẹ́sítáàkì

Bí ẹ bá ń wá ọ̀dọ́ tí kò ní dàgbà láéláé, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lọ sí iléèwé. Ẹ wọkọ̀ dé Ìyànà-Ìbà, kí ẹ béèrè ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Pítà Ọmọ́báyọ̀ Aríbisálà. Òun ni ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba kékeré kan tó wà lẹ́yìn àwọn tó ń tẹ̀wé níbẹ̀. Pítà ọkọ dáì. A-kunrí-bí-ẹni-kun-bàtà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èyí wà lọ́jà, ó sì ní òun gan-an ni ọmọ tuntun.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ó ń kun irun rẹ̀ dúdú. Tí oòrùn Ọ̀jọ́ bá ti mú díẹ̀, dáì á yọ́ gba ẹ̀yìn etí, á dé ọrùn, á sì ba kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì jẹ́. Kò kàn án. Jíǹsì ló ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ewú lórí, ẹ̀gbọ́n ló ń pè é. Bí èèyàn bá ṣèèṣì béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, á rẹ́rìn-ín bí ìyàwó ojú ọ̀nà.

"Èmi ọmọdé yìí? Méjìdínlọ́gọ́ta péré ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìjọba sì wí. Ìwé ìjọba kì í purọ́, ẹni tó bá kọ ọ́ ló ń purọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù láyé ni igbákejì rẹ̀, Ìyáàfin Mojísọ́lá Fálùyì. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Mojísọ́lá náà, àmọ́ tirẹ̀ jẹ́ òótọ́. Nínú ìwé, oṣù mẹ́ta ló fi ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí Aríbisálà fi máa ń tẹrí ba fún un láràárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá wa. Ẹ jọ̀ọ́, fáìlì tí mo ní kí ẹ wò lánàá dà?"

Mojísọ́lá á fi ìbínú fa fáìlì náà yọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáìlì. Ọ̀rọ̀ Màmá yẹn ni. Lọ́dún Fẹ́sítáàkì, tí gbogbo aráyé wá jó ní Èkó, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Mojísọ́lá, ó wà ní kíláàsì kẹrin ní abúlé kan lẹ́bàá Ìkọ́lé Èkìtì. Ọ̀gbẹ́ni Aríbisálà náà wà ní kíláàsì yẹn. Ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn ọmọ tó kù ni pé òun ló mú pàṣán lọ́wọ́.

Tíṣà rẹ̀ ni, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Tíṣà Kìrín-kìrín ni wọ́n ń pè é nígbà náà, nítorí agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bó bá ti ń gun òkè bọ̀ láàárọ̀, kìrín-kìrín, kìrín-kìrín, ọmọ tí kò tíì fọ ẹsẹ̀ á sáré lọ fọ ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó forí lé Èkó. Kò mú kẹ̀kẹ́ dání, kò sì mú gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀ dání.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí Mojísọ́lá ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Bàbá rẹ̀ ti kì í nílọ̀ pé tíṣà ẹni, òbí ẹni ni, ọmọ gidi kì í sì í tú àṣírí òbí. Ó wá ń dákẹ́, ó ń jẹ ẹ́ mọ́ra. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ń gbẹ̀mí ẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń wù ú nínú iṣẹ́ ìjọba, kí òun náà jókòó sórí àga ọ̀gá yẹn kí òun tó lọ sílé. Bí nǹkan ṣe wà yìí, òun ni yóò kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì, tíṣà rẹ̀ á sì kù lẹ́yìn, á máa yí kiri lórí àga náà.

Ó ti fẹ́ẹ̀ gba kámú tán nígbà tí ọkọ̀ dé.

Muheez tó ń ta tòkunbọ̀ ní Òkòkòmáíkò ló wà á wọlé láti Kùtọnú. Mẹ̀sí ayé àtijọ́ ni, aláwọ̀ mílíìkì, imú rẹ̀ gùn, iná iwájú rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìtẹ́ ẹyẹ wà níbẹ̀. Àwọn oníbàárà tó kù ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àfi Aríbisálà tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé irú ọkọ̀ báyìí ni àwọn ọlọ́lá ń pè ní fíńtéèjì, pé ìjọba ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ tó ń fún un, pé bí èèyàn bá wà á jáde lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ará àdúgbò ló ń yọ fóònù síta láti ya fọ́tò. Ó rà á lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wo ìyọnu. Láti Ìbà títí dé Alábà, ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ á máa búra pé ọkọ̀ òun ṣì kéré. Aríbisálà nìkan ló ń gbàdúrà pé kí ọkọ̀ gbó, kí olówó ọkọ̀ má gbó.

Kí ó tó lè gba nọ́ńbà ọ̀tọ̀ yẹn, àwọn aláyẹ̀wò ọkọ̀ ní kó gbé e wá sí pápá kan ní Ọ̀tọ̀-Àwórì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹlòmíràn á wa ọkọ̀ débẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, á padà sílé lọ jẹ ìrẹsì. Ṣé Aríbisálà la ń wí? Ó ya tẹ́ǹtì, ó ya àga, ó ya ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá àgbà wọn ní Aláúsá. Ó pe ẹgbẹ́ ọmọ Ìkọ́lé tó wà ní Ọ̀jọ́, ẹgbẹ́ tí kò fẹsẹ̀ kan ìpàdé wọn rí, torí ó ń wá ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́. Ó sì ní kí wọ́n bá òun tẹ bánà ńlá kan ní Ìyànà-Ìbà, kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé: Ọ̀DỌ́ TÓ MỌ IYÌ OHUN ÀTIJỌ́. Ẹni tó tẹ bánà fi kọ̀ǹpútà nu gbogbo ìlà ojú rẹ̀ kúrò, ó nù ún débi pé imú àti eyín nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Mojísọ́lá tọ̀ ọ́ lọ.

"Ọ̀gá, tí wọ́n bá béèrè, ṣé ẹ ó sọ pé Muheez ló ta ọkọ̀ fún yín?"

"Muheez kẹ̀? Kùtọnú kẹ̀? Ṣé firíìjì àlòkù ni mo rà ni? Màmá wa, irú ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní ìtàn."

"Ìtàn wo, sà?"

"Èyí tó bá dùn jù."

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́la."

"Ẹ̀rù àgbà ló ń bà yín, Màmá. Àwa ọ̀dọ́ ò bẹ̀rù máíkì."

Mojísọ́lá gbé fáìlì rẹ̀, ó jáde. Ó ti ṣe tirẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, èrò pé. Ọ̀gá àyẹ̀wò tí wọ́n rán wá, Rùkáyàt lorúkọ rẹ̀, obìnrin tí kì í fi àkókò ṣòfò. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ara irin, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. Ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Aríbisálà ti gba máíkì.

"Ọ̀gá mi àgbà láti Aláúsá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Àwọn kan ń jogún ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá wọn. Àwọn kan ń lọ gbé àlòkù ní Kùtọnú. Èmi kọ́. Òógùn ojú mi ni mo fi ra Mẹ̀sí yìí, tuntun nínú ọ̀rá, ní Jámánì, lọ́dún Fẹ́sítáàkì. Èmi fúnra mi ni mo wà á jáde ní iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ìyá òyìnbó kan ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pa á títí, àfi ọ̀gá àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Aríbisálà, ẹ má bínú. Lóṣù tó kọjá ni mo wá bá yín gé kéèkì ọjọ́ ìbí. Ọdún mélòó la ní ẹ pé?"

"Méjìdínlọ́gọ́ta, sà," ni máíkì dáhùn kárí pápá.

"Lọ́dún Fẹ́sítáàkì wá ńkọ́?"

Arákùnrin kan lẹ́yìn ń fi ìka ọwọ́ ṣírò.

"Mẹ́wàá ni," ó ní. "Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló wa Mẹ̀sí jáde ní Jámánì."

"Ta ló ń bá a tẹ kílọ́ọ̀ṣì?" ni ẹlòmíràn béèrè.

"Bóyá ìyá òyìnbó ló pọ̀n ọ́n."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Dáì náà bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí Aríbisálà bá ní ọmọdé ni òun lọ́dún Fẹ́sítáàkì, ìtàn ọkọ̀ ti di irọ́. Bó bá ní àgbà ni òun, ọjọ́ orí ìjọba ti di irọ́, àga ọ́fíìsì á sì bá a lọ. Ọlọ́gbọ́n á ní òun ṣì í sọ ni, á lọ jókòó. Àmọ́ nígbà tó ṣíjú, bánà rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, Mẹ̀sí ń dán nínú oòrùn, ojú gbogbo èèyàn sì wà lára rẹ̀. Kò lè fi ìtàn yẹn sílẹ̀. Ó dùn jù.

"Mo tètè dàgbà ni, sà," ló wí.

Ẹ̀rín fẹ́ ya tẹ́ǹtì. Ìgbà náà ló rí Mojísọ́lá níwájú, ó sì rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni tó ń rì sómi.

"Ẹ bi í léèrè. Ó mọ̀ mí nígbà náà. Mojísọ́lá, dìde, dá wọn lóhùn. Ṣé mo kéré lọ́dún Fẹ́sítáàkì?"

Kò pè é ní Màmá. Ìbẹ̀rù ti jẹ́ kó gbàgbé. Bí ohùn yẹn sì ṣe jáde gẹ́lẹ́ ló ṣe ń jáde ní kíláàsì kẹrin. Mojísọ́lá ò mọ ìgbà tó dìde, ó kàn rí i pé òun ti ká ọwọ́ sẹ́yìn. Òun kọ́ ló tú tíṣà rẹ̀ fó. Tíṣà ló ní kó dìde dáhùn, bí tíṣà bá sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ, dandan ni kó dáhùn.

"Rárá o, sà," ló wí. "Ẹ ò kéré."

"Ẹ gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́?" ni Aríbisálà wí, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

"Ẹ ti ní irùngbọ̀n. Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ wa ní ìṣirò."

Ara Aríbisálà tún dìde.

"Ṣé ó ní ọkọ̀ yìí nígbà náà?" ni ọ̀gá àgbà béèrè jẹ́jẹ́.

"Kẹ̀kẹ́ ni, sà. Ó ní agogo." Mojísọ́lá wá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó kọjú sí tíṣà rẹ̀. "Gúùdù mọ́nì-ìn, sà."

Kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Inú rẹ̀ dùn gan-an, ojú sì ń tì í pé inú òun dùn.

Bàbá apárí kan dìde láàárín ẹgbẹ́ ọmọ Ìkọ́lé. Ó sún mọ́ iwájú, ó tẹjú mọ́ ọ̀dọ́ náà.

"Áà, Tíṣà Kìrín-kìrín rèé. Dáì yìí ni ò jẹ́ kí n dá yín mọ̀. Tíṣà, ẹgba tí ẹ nà mí nítorí ìlọ́po méje, mo ṣì rántí." Bàbá tó ti ní ọmọ-ọmọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, àwọn ìyá fi orúnkún tí ń dùn wọ́n kúnlẹ̀, gbogbo wọn sì fa ohùn bíi ti ìgbà náà: "Gúùdù mọ́nì-ìn, sà-à-à."

Àgbàlagbà lọ́tùn-ún, àgbàlagbà lósì, gbogbo wọn ń kí ọ̀dọ́ tó mọ iyì ohun àtijọ́.

Rùkáyàt tó ti ń dúró látàárọ̀ wá rí àyè sọ̀rọ̀.

"Sà, n ò tiẹ̀ bi yín pé ta ló rà á. Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ wà lára irin ẹ̀. Ó ti yege kí ẹ tó gba máíkì."

"Ọkọ̀ ti yege," ni arákùnrin tó ń ṣírò wí. "Ẹ bá wa yẹ olówó ọkọ̀ wò. Ó dà bíi pé òun náà yege."

Ọ̀gá àgbà dìde, ó na aṣọ rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Aríbisálà, ẹ wá rí mi ní Aláúsá lọ́jọ́ Ajé. Ẹ bá mi mú ọjọ́ orí yín dání. Gbogbo ẹ̀ o."

Aríbisálà wọ inú Mẹ̀sí rẹ̀, ó tì í mọ́rí. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún yí i, kò wúkọ́ mọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin bá ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, wọ́n ń ti tíṣà wọn lọ sójú títì, wọ́n ń kọ kìrín-kìrín, kìrín-kìrín bí wọ́n ṣe ń tì í. Àwọn ọlọ́kadà ìta bá wọn gbè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mojísọ́lá sáré bá a lójú fèrèsé, ó tún kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, sà."

Aríbisálà wò ó. Dáì ti kún kọ́là rẹ̀, ewú sì ti yọjú ní ẹ̀bá etí rẹ̀ méjèèjì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí Mojísọ́lá mọ̀.

"Mojísọ́lá."

"Sà."

"O gbà á, ìdáhùn ẹ tọ̀nà. Dìde."

Mojísọ́lá dìde. Kí oṣù náà tó parí, ó ti jókòó sórí àga ọ̀gá.