Ológbò Ń Wúkọ́, Onírọ̀rí Ń Kórè

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, orí irun ló dá lé, kì í sì í ṣe irun ènìyàn. Ìyá Alágbàfọ̀ ló pe Onírọ̀rí lẹ́jọ́. Kò tíì kúnlẹ̀ tán tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, torí ó mọ̀ pé bí òun ò bá jàre, ológbò òun ò ní padà wálé mọ́.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí! Mo yá ọkùnrin yìí ní ológbò mi pé kó fi lé eku ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo lọ gbà á, ó ní òun ò dá a padà. Ọmọ ọ̀hún ń wúkọ́ bí arúgbó, ó ń bi irun lọ́tùn-ún lósì, kò jẹun mọ́!"

Kábíyèsí yíjú sí Onírọ̀rí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe ikọ́, Kábíyèsí. Iṣẹ́ ló ń ṣe."

"Iṣẹ́ wo?"

"Àwa onírọ̀rí, ká tó ra òwú, ká tó gbọ̀n ọ́n, ojú a ti pọ́n. Ológbò yìí a kàn lá ara rẹ̀, a gbé irun mì, a fi ikùn lọ̀ ọ́ bí ẹ̀rọ, a bì í jáde ní ṣíṣù. Èmi a sá a sóòrùn, mo dì í sínú ìrọ̀rí. Ta ló ń lé òṣìṣẹ́ tó dáńtọ́?"

Ìyá Alágbàfọ̀ káwọ́ lérí. "Òṣìṣẹ́? Ẹ bi í bóyá ó ya irun ológbò náà rí! Nílé mi, àràárọ̀ ni mo ń yà á. Èyí tó bá já, òòyà á kó o, kò ní ráyè dé ọ̀fun. Omi sì máa ń wà nínú abọ́ rẹ̀."

"Èmi kí n ya irun rẹ̀? Irun tí òòyà bá kó, kí ni ikùn yóò wá lọ̀?"

Wọ́n pe ìyàwó Onírọ̀rí. "Kábíyèsí, ọkọ mi ń kẹ́ ológbò yẹn ju èmi lọ. Ó ń fún un lómi dáadáa."

"Ṣé ó ń mu ún yó?" Kábíyèsí bi í.

"Rárá o. Tó bá ti lá a díẹ̀, ọkọ mi á gbà á padà. Ó ní tó bá mu púpọ̀, irun ò ní tètè gbẹ."

Aránbàtà, aládùúgbò wọn, fò dìde. "Irọ́! Inú garawa mi ló ti ń mu omi!"

"Ṣebí nígbà tí a wá bi ọ́ nílé, o ní o ò rí ológbò kankan rí?" Ọ̀tún, ìjòyè Kábíyèsí, bi í.

"Mi ò rí i, bàbá. Omi ló kàn ń fà. Àmọ́ látìgbà tí mo ti ra ìrọ̀rí ọkùnrin yìí, ajá mi ń gbó orí mi."

Inú bí Onírọ̀rí. "Ìrọ̀rí mi ò lábùkù! Tó bá lábùkù, ṣé Kábíyèsí á máa fẹ̀yìn tì í látàárọ̀?"

Kábíyèsí rọra bojú wẹ̀yìn wo tìmùtìmù orí àga.

"Èyí?"

"Èyí gan-an. Àkọ́so rẹ̀ ni mo fi ta yín lọ́rẹ."

Ọ̀tún fi fìlà bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá Alágbàfọ̀ ò lè rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ológbò tí wọ́n gbé wá fún ẹ̀rí wà lórí itan rẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ ti hàn. Ó wúkọ́ títí, nǹkan kan ò jáde, ìyá náà bá kígbe.

"Kábíyèsí, irun tí kò bá jáde á dí i nífun. Á kú mọ́ mi lọ́wọ́!"

Kábíyèsí ju tìmùtìmù sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ìyá, ọmọ rẹ di tìrẹ padà. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ gbà lọ báyìí, Onírọ̀rí ni yóò sì pọ̀n ọ́n lọ. Láti ọ̀la, àràárọ̀ ni yóò máa wá ya irun rẹ̀. Títí ológbò yìí yóò fi jẹun láìwúkọ́, orí Onírọ̀rí ò gbọdọ̀ kan ìrọ̀rí!"

Ìyàwó rẹ̀ figbe ta. "Mo gbé! Apá mi ló máa gbórí lé!"

"Ìwọ lo jẹ́rìí gbè é. Apá rẹ náà jẹ̀bi."

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Alágbàfọ̀ ṣílẹ̀kùn, ó bá Onírọ̀rí lẹ́nu ọ̀nà, ojú pípọ́n, ọrùn wíwọ́, òòyà lọ́wọ́. Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ológbò.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi, ẹ jẹ́ n ya irun yín. Mi ò tíì fojú kan oorun."