Elétí Gbáròyé ti Chingola

Ní ìlú Chingola, orúkọ àkọ́bí ni wọ́n fi ń pe bàbá àti ìyá. Nítorí náà Bàbá Lombe ni ọkùnrin yìí ń jẹ́. Lombe wà ní Ndola, ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, bàbá rẹ̀ sì gbé orúkọ náà wọ̀ bí ẹni wọ kóòtù tuntun: kò bọ́ ọ nínú ooru, kò bọ́ ọ lórí ibùsùn.

Orúkọ kan kò tó o. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ àwọn òbí bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ tó ń bàlágà, ó ti fún ara rẹ̀ ní oríkì: Elétí Gbáròyé, Ọ̀rẹ́ Ọ̀dọ́, Agbọ́-tọmọ-kó-tó-sọ. Òótọ́ ni èyí tó kẹ́yìn. Kò tíì jẹ́ kí ọmọ kankan sọ̀rọ̀ tán rí.

Kabaso ló mọ̀ ọ́n jù. Àbúrò Lombe ni, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun nìkan ló ṣẹ́ kù sílé. Lọ́jọ́ kan, nídìí nshima, òkèlè àgbàdo, tí ìyá rẹ̀ kò tíì ti ọjà dé, ó ní:

"Bàbá, mi ò fẹ́ lọ síléèwé mọ́."

"Gbogbo ọ̀dọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi ní mò ń rùn, torí ẹja kapenta tí Màmá ń tà. Tí mo bá jókòó ti àwọn ọmọbìnrin yẹn, ṣe ni wọ́n máa ń dìde. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti ń jẹun ọ̀sán."

Bàbá Lombe dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. "Tún un sọ."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ní kí Kabaso tún ọ̀rọ̀ sọ. Ara rẹ̀ yá. Ó tún un sọ, ó sì fi èyí tó le jù kún un: pé kó tó jáde láàárọ̀, ọṣẹ ìfọṣọ ló fi ń ha ara títí awọ á fi bó.

"Ọṣẹ ìfọṣọ," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó di ojú. "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó dáa. Ó dáa gan-an. Àwọn ìyá ọmọ á sunkún ní ìpàdé òbí lọ́jọ́ Sátidé."

"Kí ni kí n wá ṣe, Bàbá?"

"Jókòó sí ìlà iwájú. Tí mo bá pè ọ́, wá dúró tì mí, kí o sì rẹ́rìn-ín."

Wọ́n ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Etí ọkùnrin yìí gbọ́ yìnkìn. Inú rẹ̀ ni kò bàjẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn òbí péjọ sí gbọ̀ngàn iléèwé láti yan alága ẹgbẹ́ wọn. Bàbá Lombe ló ń dù ú, òun ló sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ kan wà tí mo mọ̀," ó ní, ó sì dúró títí gbogbo ibẹ̀ fi pa rọ́rọ́. Ó sọ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó sọ ti ọṣẹ. Kò gbàgbé awọ tó bó. Àwọn obìnrin fi etí ìró chitenge nu ojú. "Etí ni bàbá," ó fi kádìí rẹ̀. "Ẹni tí kò bá létí, kó lọ ra ewúrẹ́ sìn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá iléèwé, obìnrin kan tí kì í ṣàwàdà, dìde. "A dúpẹ́, Bàbá Lombe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọmọ yín tó wà lọ́dọ̀ wa níbí, ká rí èso etí yín."

Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ọmọ mi. Lombe, máa bọ̀."

Kò sẹ́ni tó dìde.

"Lombe, má tijú."

"Ndola jìnnà, Bàbá Lombe," ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ kígbe díẹ̀ sí i."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Lombe bá wọn rẹ́rìn-ín, ó wo ìlà iwájú. Kabaso ń wò ó bó ṣe ń wá orúkọ náà kiri, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ṣòkòtò ẹlòmíràn. Kò ràn án lọ́wọ́.

Ìyá Chitalu, arúgbó tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ, na ọwọ́ sókè. "Ẹ fi ti orúkọ sílẹ̀ ná. Ọmọ inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tó sọ fún yín, kí lẹ ṣe?"

"Mo fetí sí i, Màmá."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo… mo fi ṣe ẹ̀kọ́ fún yín."

"Ẹ ṣeun. Níbo ló ti jẹun lánàá?"

Kabaso dìde. "Níbẹ̀ náà ni, Màmá. Èmi ni. Kabaso ni wọ́n ń pè mí."

Ìyá Chitalu sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ gbá àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ náà sì lọ jókòó síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ Bàbá Lombe nawọ́, ọwọ́ kan ṣoṣo ló gòkè. Ìgbà tó rí i pé tòun ni, ó fi nu òógùn ojú.

Ìyá ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ nídìí àtẹ kó tó palẹ̀ kapenta rẹ̀ mọ́. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó kàn sọ fún gbogbo ọjà pé láti òní lọ, Ìyá Kabaso ni kí wọ́n máa pe òun, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà rò pé ibi tí orúkọ aya bá yà sí, tọkọ á tẹ̀ lé e. Ó yan lọ sí ìsọ̀ alápatà. "Ẹ bá mi gé kílò kan. Ẹ ní Bàbá Kabaso ló rà á."

Alápatà dá ọ̀bẹ dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbe etí rẹ̀ lẹ́yìn, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ dáadáa.

"Bàbá ta ni?"