Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ Ra Fèrè

Ẹ bá mi kí Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó jókòó, torí bí ẹ ò bá kí i, ibẹ̀ ló máa dúró sí títí ẹ ó fi kí i. Afínjú ọkùnrin, a-bá-dígí-ṣọ̀rẹ́. Ọkùnrin tó ń rìn bíi pé ilẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ní ilé-iṣẹ́ omi tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó ń tì í nírọ̀lẹ́, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń ròyìn ara ẹ̀ fún àlejò: "Ìkáwọ́ mi ni gbogbo ilé-iṣẹ́ yìí wà."

Inú ilé kan náà la ń gbé, yàrá mi sì fara ti tiẹ̀. Ohun tí mo bá sọ níbí, ojú mi ló ṣe. Èyí tí kò bá ṣojú mi, ògiri gbé e wá bá mi.

Ilé-iṣẹ́ wa ní ẹgbẹ́ onífèrè. Òṣìṣẹ́ àti ará ilé wọn ló wà níbẹ̀, èmi ni mo sì ń lu ìlù ńlá. Nígbà tí baba tó ń ṣáájú àwọn onífèrè fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ipò náà wá dá fèrè fọn níwájú gbogbo èèyàn ní gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ ìdágbére baba. Ẹni tí wọ́n bá mú, ó di ẹni tó ń wọ kóòtù pupa onírópù wúrà léjìká, wọ́n á sì gbé fọ́tò ẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì máníjà.

Ìyàwó Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ gbọ́, ara ẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́. Obìnrin yìí mọ fèrè fọn, ká má purọ́. Bàbá ẹ̀ tó ti di olóògbé ló kọ́ ọ, fèrè baba náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó bẹ ọkọ ẹ̀ pé kó bá òun forúkọ sílẹ̀.

Ọkọ lọ. Ó forúkọ sílẹ̀ lóòótọ́. Orúkọ ara ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ̀yin náà mọ fèrè fọn ni?" ìyàwó bi í. Etí mi wà lára ògiri.

"Kí ló wà níbẹ̀? Kóòtù yẹn, ejìká tèmi ni wọ́n wò dá a. Ìwọ máa wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, wàá máa fọn ọ́n. Èmi máa wà níwájú. Ṣebí ọ̀kan ni tọkọtaya."

"Wọn ò wá ní rí mi?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ rí lára ẹ? Èmi ni wọ́n fẹ́ rí."

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà bá mi nídìí ààrò. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Onílù, mo mọ̀ pé ẹ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ fèrè mi. Bí wọn ò tiẹ̀ rí mi, wọ́n á gbọ́ mi." Inú bí mi débi pé ọbẹ̀ mi jóná. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀ mí, mo sì dákẹ́.

Fèrè olóògbé kò yẹ ọwọ́ Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí òun gbé nǹkan tó rí bí èédú síwájú máníjà kẹ̀? Bó ṣe fà mí dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù ohun èlò orin nìyẹn. Fèrè oríṣiríṣi ló so rọ̀ lára ògiri. Ọ̀gá ò wo èyí tó dára níbẹ̀. Ọ̀kan tí iwájú ẹ̀ gbòòrò, tí wọ́n fín òdòdó sí lára, tí ìpẹtà ti sọ di àwọ̀ ewé, òun ló wù ú.

Ọlọ́jà ní, "Ọ̀gá, ẹ gbé e sẹ́nu, kí ẹ dán an wò."

"Èmi kì í dán fèrè wò. Fèrè ló ń dán mi wò."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín jẹ, èyí ò lè dún mọ́. Àwọn bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ ti gan pa, nǹkan sì há sínú ẹ̀ tí n ò mọ ohun tó jẹ́."

"Ṣé mo bi ẹ́ nípa dídún? Bí mo bá fọ̀ ọ́, ṣé ó máa dán?"

"Á dán."

"Á dán dé ibo?"

"Ẹ máa rí ojú yín níbẹ̀."

"Bá mi dì í," ni Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ wí. A-ra-fèrè-má-bèèrè-ohùn. Mo wo ọlọ́jà, ọlọ́jà wò mí, a jọ gbójú sílẹ̀ kí ẹ̀rín má baà já mọ́ wa lẹ́nu.

Ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá gbé fèrè wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, ó sì tilẹ̀kùn. Ẹ mọ̀ pé bó bá di ti kọ́kọ́rọ́, kò sẹ́ni tó lè fi bú u. Gbogbo ayálégbé tò síta, tàwẹ́ẹ̀lì léjìká, kànrìnkàn lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa, ibi iṣẹ́ ń dúró."

"Ẹ ní sùúrù. Fèrè ń wẹ̀."

Ìyàwó ẹ̀ kanlẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rí búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń fọyín?"

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

Nígbà tó jáde, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ bo fèrè, ó fi eérú bò ó, ó fi àkísà nù ún títí ọwọ́ ẹ̀ fi bó. N ò ní fi dù ú, fèrè náà dán. Ó dán débi pé ológbò ilé wa rí ara ẹ̀ níbẹ̀ ó sì sá. Ṣùgbọ́n inú fèrè? Kò dé ibẹ̀. Ó ní ta ló ń wo inú.

Bí ìgbáradì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, ìyàwó á tilẹ̀kùn, á fọn fèrè bàbá ẹ̀, gbogbo ilé á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bó bá ti parí, ọkọ á jáde, á máa fi áńkáṣíìfù nu iwájú orí tí kò làágùn. "Ṣé ẹ gbọ́ mi?" Àmì roboto wà létè ìyàwó níbi tí fèrè ti tẹ̀ ẹ́. Ètè tọkọ, Fasilíìnì ló ń dán níbẹ̀.

Mo máa ń kí i pé, "Afọnfèrè-ẹ̀rẹ̀kẹ́-ò-wú!" Inú ẹ̀ á dùn, á ní kí n tún un sọ. Àwọn àgbà ní a kì í da ìyẹ̀fun sẹ́nu ká tún máa fọn fèrè. Wọn ò tíì rí Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ni. Lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé ara ẹ̀, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ òṣèlú, fèrè "ẹ̀" sì ń dún kíkankíkan nínú yàrá. Ìgbà tó rántí, ó kó búrẹ́dì sẹ́nu, ó sáré wọlé.

Ìyá ìyàwó ẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Orúnkún ń dun Màmá, etí wọn náà ti wúwo díẹ̀, wọn ò sì mọ nǹkan kan nípa ètò kọ́tìnnì, wọ́n rò pé ọkọ ọmọ wọn fúnra ẹ̀ ló máa fọn ọ́n. Lọ́jọ́ ìdágbére, Ọ̀gá ní, "Màmá, èrò máa pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ sinmi sílé." Ìyàwó ti gba ẹ̀yìn lọ sí gbọ̀ngàn. Ọ̀gá ti wọ kóòtù pupa tó ti rán sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi í jẹ oyè. Bó ṣe ń wo fèrè fún ìgbà ìkẹyìn, ó rí àbàwọ́n bíńtín lára ẹnu fèrè, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n máa ń gbé sí ètè. Ó yọ ọ́, ó rì í sínú fínígà nínú ife tó rí ní kíṣìnnì, ó ní kí òun wo dígí díẹ̀ kó tó rẹ.

Ẹ̀yin náà mọ dígí àti Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa tú ara wọn sílẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, ó gbé fèrè, ó sáré. Ẹni tí kì í fọn fèrè, kí ló fẹ́ fi ẹnu fèrè ṣe?

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀gá dúró nísàlẹ̀ pèpéle, níwájú kọ́tìnnì, mo bẹ̀rẹ̀ ìlù, ó gbé fèrè sókè. Iná kọ lára idẹ, àwọn èèyàn ní "háà." Orin sì jáde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin yẹn fọn fèrè. Máníjà tó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò gbé ife sílẹ̀. Baba tó fẹ́ fẹ̀yìn tì dijú, ó ń mi orí. Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ń pa mí, torí iwájú mi gan-an ni Ọ̀gá ti ń yí ìdí sọ́tùn-ún sósì, tó ń tẹ bọ́tìnnì tí kò lè wọlẹ̀.

Ìgbà náà ni Màmá wọlé.

Wọ́n fẹ́ mu tíì ni, wọ́n bá bá ẹnu fèrè nínú ife wọn. Opó onífèrè ni wọ́n, wọ́n mọ̀ pé láìsí irin yẹn, fèrè kankan ò lè dún. Wọ́n ní àna àwọn ti gbé lónìí. Wọ́n so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró, wọ́n fi orúnkún tó ń dùn wọ́n rìn wá kí ìtìjú má baà bá ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ gba àárín èrò kọjá, wọ́n dé iwájú, wọ́n tú ìṣẹ́tí ìró, wọ́n sì pariwo bí àwọn tí etí wọn wúwo ṣe máa ń ṣe.

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ má tíì fọn ọ́n o. Ẹnu ẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi. Inú ife tíì mi lẹ gbàgbé ẹ̀ sí."

Jìnnìjìnnì bá Ọ̀gá, ó sọ fèrè kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ itan. Orin ń lọ. Kódà, ibi tó dùn jù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó rántí, ó tún gbé fèrè sẹ́nu, ó gbé e lódìkejì.

"Màmá, ẹ lọ jókòó," ló fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ẹ lọ jókòó!"

Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ, wọ́n sì gbọ́ fèrè pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ Ọ̀gá wa ò tíì lọ tó ìdajì orin. Ẹ̀rín bú, àga ń wó, àwọn kan ń di ara wọn mú.

Baba onífèrè dìde, ó nawọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀."

Wọ́n gbé àga dìde, wọ́n jókòó. Orin náà lọ títí dé òpin, baba wá fa kọ́tìnnì. Ìyàwó Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ló dúró síbẹ̀, ojú dídì, fèrè dúdú lẹ́nu, sílípáàsì ilé lẹ́sẹ̀. Ó lajú, ó rí wa. Ẹ̀rù bà á.

"Ta ló kọ́ ẹ?" baba bi í.

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ọkọ dáhùn kíá.

Màmá gbọ́ ìyẹn dáadáa. "Kọ́ ta? Bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ. Ojú mi báyìí ló ṣe."

Máníjà nu ojú ẹ̀, ẹ̀rín ti pa á débi omijé. Ó ní, "Obìnrin yìí ló ni ipò. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, bọ́ kóòtù yẹn."

"Otútù ń mú mi, sà."

"Mo ní bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Ẹ gbà mí o. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí a ti ń rí lọ́rùn ẹ̀ láti ìgbà tó wọlé, kọ́là àti iwájú nìkan ló ní. Okùn ló fi so ó mọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀yìn náà sì wà ní ìhòòhò gbalaja. Igi ìlù bọ́ lọ́wọ́ mi. Máníjà ò lè jókòó, kò sì lè dìde.

Ìyàwó ẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó gbé kóòtù náà nílẹ̀, ó gbọn eruku ẹ̀ nù, ó sì fi bo ọkọ ẹ̀ léjìká.

"Ẹ wọ kóòtù yín," ló wí. "Mo máa rán tèmi. Ẹ lọ jókòó ti Màmá, kí ẹ sì gbọ́ mi."

Ó padà sókè, ó dúró síwájú. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ lọ, ó jókòó. Mo mú igi ìlù mi, mo sì ń retí pé kó ní kí n bẹ̀rẹ̀.