Ọjọ́ Tí Màmá Àbíkẹ́ Kọ Ẹ̀yìn sí Òkun

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, bí mi ò bá sọ ọ́ fún èèyàn, ọ̀fun á máa yún mi. Ààfin là ń pè é o. Pálọ̀ Olóyè Adéníjì ni, Baálẹ̀ àdúgbò wa ní Okokomaiko. Èmi ni mo máa ń kọ ìwé ẹjọ́ níbẹ̀, torí mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Iyana-Iba, ọwọ́ mi sì yá. Píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún mi. Mo ti gba kámú.

Màmá Àbíkẹ́ ló pe ẹjọ́. Wọ́n ń ta èèpo ẹ̀gẹ́ àti koríko fún àwọn alágbò ní Alaba Rago. Muheez ni wọ́n pè lẹ́jọ́, ọmọkùnrin kan tó máa ń mú èèyàn lọ gbafẹ́ lódìkejì omi, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, èmi ni mo tẹ ìwé ìpolówó rẹ̀: “Etí òkun tí kò rí kọ̀ǹkéré rí! Igbó kìjikìji tí ọ̀bọ ń fò nínú ẹ̀! Ẹ̀yin nìkan, kò sí èrò míì!” Ẹ wá wo bó ṣe wọ gíláàsì dúdú wọ pálọ̀ Baálẹ̀.

“Yọ gíláàsì yẹn,” Baálẹ̀ ní. “Ṣé oòrùn ń ràn níbí ni?”

Ó yọ ọ́.

“Màmá, ẹ sọ tẹnu yín.”

“Baálẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọjọ́ mi ni ọmọ yìí gbà. Kó dá a padà fún mi.”

“Ọjọ́ wo?”

“Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Gbogbo ẹ̀, àtàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.”

Olóyè Gàníyù, tí wọ́n máa ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé dé òpin rẹ̀, la ojú kan. “Wọ́n ti ń jí ọjọ́ náà báyìí?” Wọ́n tún pa á dé.

“Baálẹ̀,” Màmá ní, “ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti wà ní Okokomaiko. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé òkun ò jìnnà. Mi ò dé ibẹ̀ rí. Láàárọ̀, ‘Ìyá Eléèpo!’ Lọ́sàn-án, ‘Ìyá Eléèpo!’ Bí mo bá délé, fóònù. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Ìsẹ́yìn ti wá bí ìbejì, ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ni mò ń lọ bá a tọ́jú wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ìbejì ṣe rí. Ta ló máa yọ̀ǹda mi kí n padà wá s’Éèkó? Mo wá ní kí n tó lọ, kí n fi ọjọ́ kan ṣoṣo jin ara mi. Kí n jókòó kọjú sí òkun, kí n rìn wọ igbó, kí ẹnikẹ́ni má pè mí. Ohun tí mo bá Muheez sọ nìyẹn. Ó ní kò sí wàhálà, pé èmi nìkan ni. Baálẹ̀, èèyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo gbàdúrà fún!”

Mo gbé bírò sókè. “Màmá, ṣé àdúrà ni kí n kọ?”

“Àdúrà ni kí o kọ.”

Muheez na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. “Baálẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi náà. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n wọ sùtánà.”

“Ìwọ lo ní kí n wọ aṣọ funfun!”

Màmá na fóònù wọn sí mi. Mo ka ohun tí Muheez fi ránṣẹ́ sókè ketekete: “Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, kọ́sítọ́mà wa. Ẹ wọ aṣọ funfun nítorí oòrùn àti ẹ̀fọn. Ẹ wọ bàtà tó le, ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú, gbòǹgbò pọ̀. Ẹ mú omi dání.”

“Aṣọ funfun kan ṣoṣo ni mo ní láyé mi,” Màmá ní. “Aṣọ àdúrà mi ni. Ní ìjọ tiwa, a kì í wọ bàtà tí a bá ti wọ aṣọ àdúrà. Mo wá gbé bàtà náà dání.”

“Ẹ rí i, Baálẹ̀?” Muheez ní. “Wọ́n fi sùtánà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ lásán, bàtà lọ́wọ́ ọ̀tún, omi lọ́wọ́ òsì. Kí ni kí àwọn èèyàn rò?”

“Kí ni wọ́n rò?”

“Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìjọ tó wà létí òkun níbẹ̀ ń retí wòlíì obìnrin kan fún ìsọjí. Wọ́n ti kó àga síta. Ẹni tí wọ́n ń retí ò dé.”

“O sì sọ fún wọn pé kì í ṣe Màmá.”

Muheez họrí. “Baálẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ ọ̀nà igbó ní kò sí àlejò tó máa kọjá lọ́jọ́ ìsọjí, àfi àwọn ìjọ. Wọ́n bi mí pé, ‘Ṣé wòlíì nìyí?’ Mo ní...”

“O ní kí ni?”

“Mo ní, ‘Ẹ̀yin ò rí wọn ni?’”

“Irọ́ nìyẹn!”

“Ìbéèrè ni, Baálẹ̀.”

Baálẹ̀ fi ẹ̀yìn ti àga, wọ́n mí kanlẹ̀. Ojú ò tiẹ̀ ti Muheez. Ńṣe ló tún ń sún mọ́ iwájú.

“Baálẹ̀, ẹ tiẹ̀ gbé e yẹ̀ wò. Ìgbafẹ́ lásán ni mo bá wọn ṣàdéhùn. Kó tó di aago mẹ́wàá, mo ti sọ wọ́n di wòlíì. Mi ò gba kọ́bọ̀ lé e! Àwọn míì wà nínú ìjọ tó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ń wá oyè yẹn. Ọpẹ́ ló yẹ kí wọ́n wá dá lọ́wọ́ mi.”

“Ọpẹ́?” Màmá ti ń dìde. Ẹ̀yìn aṣọ wọn ni mo dì mú.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Akínwùmí, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò ní èbúté Ojo, ló kọ́kọ́ wọlé.

“Àwọn méjì péré ni mo gbé lọ́jọ́ náà, Baálẹ̀. Màmá àti Muheez. Kò sí ẹlòmíì nínú ọkọ̀, ó mọ́ roro.”

Ẹnì kejì ni Ìyá Àánú, ọmọ ìjọ etí òkun ọ̀hún. Òun náà wọ sùtánà. Ewúrẹ́ dúdú kan ló fi okùn fà wọ pálọ̀.

“Kí nìyẹn?” Baálẹ̀ bi í.

“Ẹ̀rí mi ni, Baálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí Màmá wòlíì sẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ewúrẹ́ yìí. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà. Kí n tó délé, ewúrẹ́ ti wà lẹ́yìnkùlé. Wòlíì ni wọ́n, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀!”

Ewúrẹ́ ò dúró gbọ́. Ó kọjá lára Baálẹ̀, ó kọjá lára mi, ó lọ gbórí lé itan Akínwùmí.

“Akínwùmí,” Baálẹ̀ ní, “ó jọ pé ẹ mọra.”

“Rárá o, Baálẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n rí.”

Ewúrẹ́ lá a lọ́wọ́.

“Akínwùmí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Baálẹ̀! Fúnra rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ mi lódìkejì omi lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ti dé Ojo kí n tó rí i lábẹ́ tapólì. Ilé mi ló wà fún ọjọ́ mẹ́ta, mò ń bọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo gbé Màmá ni mo dá a padà, mo rọra tú u sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọn, kí wọ́n má baà pè mí lólè.”

“O ní àwọn méjì péré lo gbé.”

“Èèyàn méjì ni, Baálẹ̀. Ewúrẹ́ kì í ṣe èèyàn.”

“Ẹ̀mí mi ò!” Màmá pariwo. “Èyí tó jẹ okùn bàtà mi nínú ọkọ̀ nìyí!”

Ìyá Àánú yíjú sí wọn. “Màmá wòlíì, ẹ bá ewúrẹ́ mi wọ ọkọ̀ kan náà, ẹ ò sì sọ fún mi?”

“Ṣé o sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi ni?”

Baálẹ̀ lu tábìlì. “Màmá, àdúrà wo lẹ tiẹ̀ gbà fún wọn?”

Màmá wolẹ̀. “Èyí tó wà lórí mi nìkan. Ìwé àdúrà mi ò sí níbẹ̀.”

“Ẹ gbà á ká gbọ́.”

Wọ́n dìde, wọ́n di ojú. “Olúwa, a dúpẹ́ fún oúnjẹ tí a fẹ́ jẹ yìí. Bùkún un, bùkún ọwọ́ tó sè é, kí o sì pèsè fún àwọn tí kò ní. Àmín.”

“Àmín!” gbogbo pálọ̀ dáhùn.

Olóyè Gàníyù jí pátápátá. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. “Ó ti délẹ̀? Níbo ni wọ́n gbé e sí?”

Ìyá Àánú fọwọ́ lé orí. “Abájọ! Abájọ tí mi ò fi yó mọ́ láti ọjọ́ yẹn!”

Mo rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Baálẹ̀ náà ń fi fìlà nu omi ojú. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín,” wọ́n ní. “Ẹ̀ bá wà níbẹ̀. Wọ́n tò lọ rẹrẹ. Obìnrin kan gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá bá mi. Kí n sọ pé kí ni? Kí n ní ìgbafẹ́ ni mo wá ṣe? Mo ní kó gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, mo sì gba àdúrà oúnjẹ fún un, ẹkún ń gbọ̀n mí. Mi ò lè lé wọn, Baálẹ̀. Ìgbà tí màá fi gbórí sókè, oòrùn ti ń wọ̀, Akínwùmí ń pariwo pé ká máa bọ̀.”

Ẹ̀rín tán nínú pálọ̀.

“Muheez,” Baálẹ̀ ní, “níbo ni ìwọ wà ní gbogbo ìgbà yẹn?”

“Mo wà nítòsí, Baálẹ̀. Mò ń ṣètò.”

Kì í ṣe iṣẹ́ mi láti dá sí ẹjọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ara ń ta mí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Muheez ti fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi pé kí n fi ṣe ìwé ìpolówó tuntun, mo sì ti tẹ̀ wọ́n. Mo yọ wọ́n nínú báàgì, mo tò wọ́n síwájú Baálẹ̀. Muheez rí i, ó tún gbé gíláàsì dúdú rẹ̀ wọ̀.

Fọ́tò kìíní, Muheez nìyẹn nínú igbó, ó rọ̀ mọ́ okùn igi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìkejì, Muheez ń mu omi àgbọn. Ìkẹta, Muheez jókòó sórí yanrìn, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, òkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ru gùdù. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, èèyàn tò. Màmá wà níwájú wọn nínú aṣọ funfun, ọwọ́ wọn wà lórí ẹnì kan. Ẹ̀yìn wọn ló kọ sí òkun.

Baálẹ̀ wò ó pẹ́. Wọ́n gbé e fún Màmá. Màmá ò tiẹ̀ wo Muheez inú rẹ̀. Wọ́n fi ìka wọn tọ omi yẹn láti etí kan dé ìkejì.

“Ṣé bó ṣe tóbi tó nìyí?” wọ́n ní.

Mo ń wo ilẹ̀. Muheez yọ gíláàsì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́. Màá dá owó yín padà.”

“Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ owó, ọmọ mi? Ọjọ́ mi ni mo ní kí o fún mi.”

Baálẹ̀ dìde. Gbogbo wa dìde, àfi Olóyè Gàníyù tí wọ́n ṣì ń wo ọ̀nà ilé ìdáná.

“Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ọjọ́ lo gbà, ọjọ́ lo máa san. Ọjọ́bọ̀ yìí, Muheez, wàá tún mú Màmá lọ. Màmá, ẹ wọ ańkárá, kí ẹ sì wọ bàtà yín. Ìwọ lo máa fi ẹsẹ̀ lásán rin igbó yẹn já, gbòǹgbò dé gbòǹgbò. Tí ẹ bá débi òkun, Màmá á jókòó kọjú sí i. Ìwọ á dúró lẹ́yìn wọn, wàá kọ ẹ̀yìn sí i, o ò sì gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, títí Màmá á fi ní ó tó. Gbogbo àwọn mẹ́tàdínláàádọ́ta yẹn, wàá sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé irọ́ lo pa.”

“Mo gbọ́, Baálẹ̀.”

“Kò tíì tán. Àdúrà oúnjẹ ni wọ́n gbà fún wọn. Oúnjẹ ọ̀hún dà?”

“Oúnjẹ wo, Baálẹ̀?”

“Èyí tí wọ́n ti bùkún. Ó ti pé ọjọ́ mélòó kan báyìí tí wọ́n ti ń retí ẹ̀. Wàá sè é níbẹ̀, fún gbogbo wọn, ẹ̀yìn rẹ á sì ṣì wà lápá òkun.”

“Baálẹ̀ wa, ẹ ó pẹ́ fún wa!” Ìyá Àánú fò sókè.

“Akínwùmí, ìwọ lo máa gbé ìkòkò, ìrẹsì àti igi ìdáná lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kì í ṣe èèyàn.” Baálẹ̀ na ọwọ́ sí Màmá. “Ẹ gbé fóònù yín wá lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo máa bá yín gbé e.”

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo lọ jókòó sí ààfin. Mi ò lè jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi. Kó tó di aago méje, fóònù ti ń dún. “Hẹ̀lóò? Rárá, èèpo ò sí lónìí. Baálẹ̀ ni mí. Mo ní Baálẹ̀!” Alágbò kan rò pé ọmọdé ló gbé e, ó ní kó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀, kó yéé fi ọ̀rọ̀ àgbò ṣeré. Ọmọ Màmá pè láti Ìsẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Lẹ́ẹ̀kẹfà, mo gbọ́ tí Baálẹ̀ ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń di ọrùn ọmọ mú nínú ọpọ́n ìwẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago méjì, wọ́n ti nà gbalaja sórí àga.

“Ṣé bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìyí?” wọ́n bi mí.

“Lójoojúmọ́, Baálẹ̀.”

Nírọ̀lẹ́, Màmá wọlé. Ańkárá wọn tutù dé orúnkún, ewé há sí gèlè wọn. Muheez ń tiro bọ̀ lẹ́yìn wọn, èéfín ti kun ojú rẹ̀ dúdú.

“Màmá, ẹ kú àbọ̀. Kí lẹ rí níbẹ̀?”

Màmá jókòó. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín fúnra wọn. “Omi yẹn pọ̀ o, Baálẹ̀. Ẹnì kan ò pè mí.”

Fóònù dún lórí tábìlì. Màmá na ọwọ́ sí i. Baálẹ̀ yára bọ́ fìlà, wọ́n fi bò ó.

“Ẹ jókòó, Màmá,” wọ́n ní. “Ilẹ̀ ò tíì ṣú, ọjọ́ yín ò tíì pé.” Wọ́n yọ fóònù lábẹ́ fìlà, wọ́n gbé e sétí. “Hẹ̀lóò? Mo ní èèpo ò sí!”