Igi Onílà Mẹ́rìndínlógún ti Jagun Ìlọ̀rí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé igi tí a fojú rénà ní í gúnni lójú? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé àfiwé lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú kan wà tí igi gún ní tòótọ́, ojú náà sì ní ẹni tó ni ín: Olóyè Ṣówándé, olùtọ́jú ìṣúra ọba ní ìlú Òkè-Arìgbò.

Nígbà tí ogun dó ti ìlú náà, ọba ní kí Jagun Ìlọ̀rí kó ọmọ-ogun lọ ṣọ́ ibodè. Àwọn kan ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n. N kò gbà. Ibodè náà kò lè gba ju ogójì lọ, bí wọ́n tilẹ̀ sùn lé ara wọn lórí.

Ọba ní, "Jagun, máa bọ́ wọn. Bí ogun bá tú, a ó san án."

Ètò ìsanwó wọn kò ṣòro. Ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan tí Jagun bá pín oúnjẹ, ẹmẹ̀wà ọba a wá, a fi ọ̀bẹ ha ìlà kan sára igi pẹlẹbẹ kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nígbà tí ogun tú, ìlà ti pé mẹ́rìndínlógún. Wọ́n la igi náà sí méjì ní òòró, kí ìlà lè hàn lára ẹ̀là méjèèjì. Jagun mú ọ̀kan. Èkejì lọ sí ilé ìṣúra. Bí ẹ̀là méjèèjì bá bára mu, ọba yóò san ọ̀kẹ́ owó kan lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n kí Jagun tó lè bọ́ ogójì ọkùnrin, ó ti fi oko baba rẹ̀ dógò. Bí iṣu tuntun bá wọ ìlú kí ó tó san owó tó yá, oko lọ nìyẹn.

Ó lọ bá Ṣówándé. "Olóyè, mo kí yín o. Ẹ̀là igi tèmi rèé."

Ṣówándé yínmú. "Jagun, ṣé igi ìdáná lẹ wá ń tà ni?"

"Owó ogun ni, Olóyè."

"Igi ni èmi rí. Èkejì rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ mi. Ẹ lọ kó àwọn tó jẹ oúnjẹ náà wá, kí wọ́n wá jẹ́rìí."

Jagun kó gbogbo ogójì wá. Ẹni àkọ́kọ́ ní ẹ̀wà ni àwọn jẹ, òkúta ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹnì kejì ní iṣu ni. Ẹnì kẹta tọ́ka sí ẹnì kẹrin: "Olè yìí ló jẹ ẹran mi lọ́jọ́ tí wọ́n ń ta wá lọ́fà!"

"Ẹran wo? Eegun tí o ti lá tán yẹn?"

Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ogun kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe ní ibodè, àfi èyí tí wọ́n jà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ṣówándé. Olóyè ní, "Ẹ̀rí yín kò bára mu. Ó dàbọ̀."

Jagun padà sílé. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, iṣu ku ọjọ́ mẹ́ta kó wọlé. Ẹ̀là kejì ńkọ́?"

"Ó ní kò sí lọ́dọ̀ òun."

"Kò sí kẹ̀? Igi kì í rìn! Ọba ni kó béèrè igi. Ta ló ń béèrè ẹni tó jẹ ẹran?"

Àwọn méjèèjì gba ààfin lọ. Ọba ránṣẹ́ pe Ṣówándé, ó ní, "Ẹ̀là igi Jagun dà?"

"Kábíyèsí, n kò mọ igi kankan. Bí ó bá wà, kí ó wá bá mi níwájú yín níbí!"

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé Ṣówándé kò ka àwọn ẹ̀là igi gbèsè tó wà ní ilé ìṣúra sí. Ó ti fi òmíràn ti ilẹ̀kùn ilé adìẹ, ó ti fi òmíràn ro ẹ̀kọ. Ní ti èyí tó tẹ́jú jù, nítorí pé Olóyè fúnra rẹ̀ kúrú, tó sì fẹ́ kí fìlà òun ga ju ti gbogbo ìjòyè lọ, ó rán an mọ́ inú fìlà. Kò sí ẹni tó ń dé fìlà níwájú ọba; nítorí náà ó ṣí i, ó fi há abíyá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti búra. Abíyá fún fìlà. Òwú já. Igi yọ fẹ́ẹ́, ó gún un lójú.

"Yéè! Ojú mi o!"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ó ti wá bá a."

Wọ́n ka ìlà: mẹ́rìndínlógún. Wọ́n pa ẹ̀là méjèèjì pọ̀: èèrà kò rí àyè gbà kọjá láàárín wọn. Ọba rẹ́rìn-ín títí adé fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Ó san ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógún lójú ẹsẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ tú ilé adìẹ Ṣówándé wò; wọ́n rí ẹ̀là igi arúgbó mẹ́ta tí wọ́n ti sọ̀rètí nù níbẹ̀, àwọn náà sì gba owó wọn. Oko Jagun bọ́ nínú ògò kí iṣu tó wọlé.

Ojú Ṣówándé wú bí ìgbá, ṣùgbọ́n ó sàn ní ọjọ́ kẹsàn-án. Láti ìgbà náà, bí ó bá jí, tó fẹ́ fi pákò rin eyín, á kọ́kọ́ kí pákò náà pé, "Ẹ káàárọ̀ o." Bí ẹnikẹ́ni bá sì rẹ́rìn-ín, á fi ìka kan ojú rẹ̀, á ní: ẹ máa rín in, igi tí a fojú rénà ní í gúnni lójú.