Ẹkùn Igbó Arère

Kó-ń-kó! Kó-ń-kó!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Ìgbín, lọ́kùnrin, lóbìnrin! Ẹni tó ń ro ọkà, kó sọ omorogùn kalẹ̀. Ẹni tó ń bá èèyàn jà, kó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ìkéde yóò fi parí. Kábíyèsí Oníìgbín ló rán mi. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ wá ibi jókòó.

Kábíyèsí ní kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, kí àṣẹ tó ń bọ̀ má baà yà yín lẹ́nu. Yóò yà yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.

Gbogbo yín lẹ mọ Bàbá Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ àgbà, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá kànga òkè. Ọdún kejìdínlógún rèé tó ti Igbó Arère dé láìsí ìbọn lọ́wọ́, tí èjìká rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ní òun bá ẹkùn jà. Ẹkùn gan-an! Kì í ṣe ológìnní! Ìlú gbé e gẹṣin, ìlú fi í joyè Abẹ́kùnjà. Láti ọjọ́ náà, ọdẹ kankan kò gbé ìbọn wọ Igbó Arère mọ́. Bàbá nìkan ló ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán, ó ní òun ń wo ibi tí ẹkùn rìn dé. Kò mú ẹran bọ̀ rí. Àwẹ̀ró, aya rẹ̀, ń ra panla sọ́bẹ̀. Aya ọdẹ! Panla! Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan ó sì ń gbààwẹ̀, kí ẹkùn má baà pa á lọ́kọ.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Dókítà Ìbídùn, obìnrin olùkọ́ yunifásítì tó ń kọ́ nípa ẹran ìgbẹ́, wá tọrọ àyè lọ́wọ́ Kábíyèsí. Ó so kámẹ́rà mẹ́fà mọ́ igi lójú ọ̀nà ẹran nínú Igbó Arère. Kámẹ́rà náà kì í pariwo, kò sì nílò ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ohunkóhun tí ara rẹ̀ bá gbóná, tó bá kọjá níwájú rẹ̀, ó ti ya àwòrán rẹ̀ nìyẹn. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe mọ ẹran tó kù nínú igbó wa, iye wọn àti ìgbà tí wọ́n ń jáde, láì yọ wọ́n lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó kó àwòrán wá sí ààfin. Wọ́n ta aṣọ funfun sí ògiri. A rí òkété. A rí ẹtà. A rí akika tó pọn ọmọ sí ìdí ìrù, gbogbo ààfin sì na ọrùn bí ẹni pé ìyàwó tuntun ló ń wọlé. A rí ẹ̀tu, ẹ̀tu, ẹ̀tu! Dókítà ní òun kò tíì rí irú ọ̀pọ̀ ẹ̀tu bẹ́ẹ̀ nínú igbó tó sún mọ́lé. A rí ewúrẹ́ Ìyá Sùbúọlá, nígbà irínwó ó lé méjìlá.

A kò rí ẹkùn.

Ẹni tí a rí ni Bàbá. Lójoojúmọ́! Ó jókòó sídìí igi, ọwọ́ lórí orúnkún, ẹ̀tu ń jẹ èso tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú òmíràn, Bàbá ti sùn lọ.

Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ, dìde. Ó ní, “Abẹ́kùnjà, ẹkùn dà?”

Bàbá dọ̀bálẹ̀ síwájú Kábíyèsí. Ó ní, “Kábíyèsí, kò sí ẹkùn. Kò sí i rí. Ẹ̀tu kan ni mo yìnbọn fún lọ́jọ́ náà. Mo gbé e kọ́ èjìká, ni ọmọ rẹ̀ bá ń tẹ̀ lé mi. Mo lé e, kò lọ. Ó bá mi dé etí odò, ó ń na ọrùn, ó ń wá ọmú ìyá rẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo gbé ìyá kalẹ̀, mo ju ìbọn sódò. Ibi tí mo ti ń sá gòkè ni mo ti ṣubú, tí gbòǹgbò ya mí léjìká. Ṣé kí n wá délé kí n sọ fún ẹgbẹ́ mi pé ọmọ ẹ̀tu ló lé mi wá?”

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ má sẹ́ o! Ẹ rẹ́rìn-ín láti ààfin dé ọjà. Bàbá gbé ìlẹ̀kẹ̀ oyè kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, ó wọ yàrá, kò jáde mọ́. Kò jẹun.

Ọjọ́ méjì ni Àwẹ̀ró kò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

“Bàbá Ṣọpẹ́, nítorí ẹ̀tu ni mo ṣe ń gbààwẹ̀ láti ọdún méjìdínlógún wá?”

“Foríjì mí, Àwẹ̀ró.”

Àwẹ̀ró jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Ọmọ ẹ̀tu náà ńkọ́?”

“Ó dàgbà. Ó bímọ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà n kò rí i mọ́.”

Àwẹ̀ró wé gèlè, ó kọrí sí ààfin. Lójú ọ̀nà, ó rí ọdẹ mọ́kànlá níwájú ilé Olúọdẹ. Wọ́n ń fi epo nu ìbọn. Igbó tí kò ní ẹkùn, tí ẹ̀tu kún inú rẹ̀!

Ó kúnlẹ̀ níwájú Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè. Ó ní, “Kábíyèsí, irọ́ ni ọkọ mi pa, n kò gbè é. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ló sin ẹran wọ̀nyẹn dàgbà. Olúọdẹ kì í purọ́. Igbó tí òun ń dẹ lọ́hùn-ún, kí ló kù níbẹ̀?”

Olúọdẹ wo òkè àjà. Eku nìkan ló kù nínú igbó rẹ̀.

Àwọn ìjòyè jiyàn títí oòrùn fi yẹ̀. Dókítà Ìbídùn ní òun kò lè kọ ẹkùn tí kò sí sínú ìwé òun. Kábíyèsí ní ìwé jẹ́ tirẹ̀, ìlú jẹ́ ti òun.

Kó-ń-kó! Àṣẹ rèé!

Àṣẹ kìíní. Láti òní lọ, ẹkùn wà nínú Igbó Arère. Ẹkùn wà níbẹ̀! Bí kámẹ́rà kò rí i, Kábíyèsí ti rí i. Akọ ni. Ó tóbi. Ó kórìíra ìbọn.

Àṣẹ kejì. Ẹni tó bá ní kò sí ẹkùn, kó lọ fi ẹ̀rí hàn. Ọjọ́ méje ni yóò fi jókòó sínú igbó, láìní àwọ̀n ẹ̀fọn. Bí ẹkùn kò bá jẹ ẹ́, yóò mú ewúrẹ́ méjì wá sí ààfin, nítorí ó dójú ti ẹkùn.

Àṣẹ kẹta. Oyè Abẹ́kùnjà ti kú. Bàbá Ọdẹ́jìnmí di Alágbàtọ́ Ẹkùn. Ẹni bá pàdé rẹ̀, kó béèrè àlàáfíà ẹkùn. Dandan ni! Ẹni tí ẹ̀rín bá ń pa, kó lọ rín in lẹ́yìn odi, kó rín in tán kó tó wọ̀lú.

Àṣẹ kẹrin kan ewúrẹ́ Ìyá Sùbúọlá. Ẹ so ó mọ́lẹ̀! Bí kámẹ́rà bá tún rí i, a ó kà á mọ́ ẹran ìgbẹ́, kò sì ní wálé mọ́.

Àṣẹ karùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má wọ agbádá lọ dúró níwájú kámẹ́rà mọ́. Kábíyèsí kò ní dárúkọ Ọ̀tún.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn àṣẹ yìí fún Bàbá láàárọ̀ àná, ohun kan ló béèrè: “Àwọn ọdẹ ńkọ́?” Wọ́n ní wọ́n ti gbé ìbọn padà sájà. Ó ní kí wọ́n bu omi ìwẹ̀ fún òun.

Lọ́sàn-án, Àwẹ̀ró ní, “Mò ń bá yín lọ.” Wọ́n jọ jókòó sídìí igi, wọn ò mira. Ẹ̀tu kan yọ, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìtayín. Àwẹ̀ró wò ó, ó wo ọkọ rẹ̀.

“Irú èyí ló lé yín wálé?”

Bàbá ní, “Irú rẹ̀ ni.” Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jẹ́ kí ẹ̀tu sá lọ, kí Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kábíyèsí ní àṣẹ kẹta, ti ẹ̀rín, kò kan obìnrin yìí.

Ìkéde tán o! Ẹnu tí mo fi ké e, ti ọba ni. Ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ fi lọ sílé, tèmi ni.

Kó-ń-kó!